Ilé Ọba Tí Ó Jó: Ìtàn Òrùlé láti Bẹẹrẹ dé Páànù

Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó gbọ́ èdè rẹ̀ dé ìwọ̀n àyè kan tí kò mọ òwe yìí. A fi ń tu ẹni tí òfò ṣe nínú. A sì ń pa á fún ẹni tí ó pàdánù ohun kan tí ó wá rí èyí tí ó sàn jù ú lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ inú òwe náà gan-an, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ni, pàápàá jù lọ, ọ̀rọ̀ òrùlé. Báwo ni ilé ṣe lè jó kí ó tún wá lẹ́wà sí i? Ilé tí a fi pákó kọ́ látòkè délẹ̀, bí ó bá jó, eérú ni yóò kù. Ilé òde òní tí iná bá sì mú, ògiri rẹ̀ a sán, páànù rẹ̀ a ká kò bí ewé gbígbẹ, gbèsè ni iná náà sì máa ń bù sí i fún onílé, kì í ṣe ẹwà. Ilé tí àwọn baba wa ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń pa òwe yìí ni ilé alámọ̀ tí a fi koríko bò. Bí iná bá mú un, orí rẹ̀ ni ó ń lọ. Ògiri a dúró, amọ̀ rẹ̀ a tilẹ̀ le sí i nítorí pé iná ti sun ún. Bí ó bá wá jẹ́ ilé ọba, gbogbo ìlú ni yóò gbé dòjé wọ inú koríko, kí oṣù tó parí, òrùlé tuntun tí ń dán yóò ti wà lórí ògiri àtijọ́. Ẹwà tí òwe ń wí nìyẹn.

Òrùlé tí ó bí òwe yìí kò sí mọ́ ní ìlú wa. Àfi ní abà àti ahéré, àti ní àwọn ojúbọ díẹ̀, ni a tún ti lè rí i. Irin ti gba ipò koríko, àwọn tí ń kọ̀wé nípa àṣà wa a sì máa mẹ́nu kan án ní gbólóhùn kan ṣoṣo bí ẹni pé ohun tí a fi ń bo ilé nìkan ni ó yí padà. Èrò tèmi ni pé koríko nìkan kọ́ ni ó bá ìyípadà náà lọ. Ohun kan wà tí ó yẹ kí ó lọ, ó sì lọ. Ohun mìíràn sì wà tí kò yẹ kí a jẹ́ kí ó tẹ̀ lé e, tí a jẹ́ kí ó lọ láìfura. Ẹni tí ó bá ń kọ́lé lónìí tí ó sì dé orí òrùlé, nínú ìtàn yìí ni ó wà, bí ó mọ̀ ọ́n bí kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ilé náà. Ní apá ọ̀dàn, ní agbègbè Ọ̀yọ́, Ṣakí àti Ògbómọ̀ṣọ́, bẹẹrẹ àti ẹ̀kan wà lára koríko tí a fi ń bo ilé. Samuel Johnson, ẹni tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá tán ní 1897 ṣùgbọ́n tí a kò tẹ ìwé rẹ̀ jáde títí di 1921, sọ pé ẹ̀kan ni ó tọ́jọ́ jù. Ní apá igbó, níbi tí irú koríko bẹ́ẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n, ewé gbòdògì ni àwọn ènìyàn ń lò. Ògiri amọ̀ ni a ń mọ ní ìpele ìpele. Ìpele kan ní láti gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e. Bí ògiri bá ga tó, a ó to igi líle tí ikán kì í tètè jẹ sórí rẹ̀ ní dídínà, a ó sì fi amọ̀ rẹ́ orí igi náà títí yóò fi dán. Èyí ni àjà. Lókè àjà yìí ni a ó ti wá gbé ẹkẹ dúró ní ìdagẹ̀rẹ̀, tí a ó fi okùn so ọparun mọ́ ọn níbùú, kí a tó máa di ìdì koríko mọ́ ọn. Láti ìsàlẹ̀ ni a ti ń bo ilé lọ sókè, kí ìdì òkè lè máa bo ẹsẹ̀ ti ìsàlẹ̀, kí omi má baà rí ojú ọ̀nà wọlé.

Òǹkàwé yóò ti ṣàkíyèsí pé orí méjì ni ilé yìí ní. Àjà ni orí ti abẹ́, amọ̀ ni. Òrùlé ni orí ti òkè, koríko ni. Òkè ń gba òjò àti oòrùn, abẹ́ ń gba ohun tí ó bá ti òkè wá. Àárín méjèèjì ni a ń kó irè oko àti ẹrù pamọ́ sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àjà yìí sọ́kàn, nítorí pé a ó padà bá a.

Koríko kì í lé omi dànù bí kò bá dagẹ̀rẹ̀ gan-an. Bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ jù, omi yóò dúró sínú rẹ̀, yóò sì jẹrà. Nítorí náà, bí iyàrá bá fẹ̀, òrùlé rẹ̀ ní láti ga ju bí ẹkẹ ti lè gbé lọ. Ìdí nìyí tí iyàrá àtijọ́ fi tóóró, tí a sì fi tò wọ́n yí àgbàlá ká dípò kí a kó wọn jọ sójú kan. Àwọn kan gbà pé àìmọ̀ ni ó mú àwọn baba wa kọ́ ilé tóóró. Wọn kò ronú nípa òrùlé. Etí òrùlé náà a sì máa wá sílẹ̀ gan-an, tó bẹ́ẹ̀ tí àgbàlagbà fi ní láti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyẹn pẹ̀lú ní ìdí: ọ̀tá ògiri amọ̀ ni òjò, bí òrùlé bá sì ti kúrò lórí rẹ̀, ọ̀wààrà òjò ọdún díẹ̀ ti tó láti sọ ọ́ di òkìtì. Etí òrùlé tí ó gùn ni aṣọ tí ògiri fi ń bora. Ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin a máa dà sínú àgbàlá, àwọn obìnrin a sì gbé ìkòkò sí i.

Nígbà tí Hugh Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1826, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé ọba àti ti àwọn ayaba gba ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí máìlì kan níbùú lóròó. Amọ̀ ni ògiri wọn, koríko ni òrùlé wọn, ṣùgbọ́n òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ilẹ̀kùn wọn jẹ́ igi tí a gbẹ́ àwòrán sí: ejò ńlá tí ń pa ẹran, jagunjagun tí onílù tẹ̀ lé. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí nínú ìròyìn yìí ni pé koríko kan náà ni ó bo ọba àti ìwọ̀fà. A kì í fi ohun tí ó wà lórí ilé mọ olówó. Títóbi ilé, iye àgbàlá, òpó tí a gbẹ́, àti kọ̀bì tí ó yọ síta lójú ilé, èyí tí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ni a fi ń mọ ọlọ́lá. Páànù ni ó kọ́kọ́ sọ òrùlé di ohun ìyangàn.

Bẹ́ẹ̀ sì ni koríko kì í pẹ́. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ilé yóò máa jò, a ó sì tún un bò. Kò sí ẹnì kan tí ó lè dá iṣẹ́ yìí ṣe. Gígé koríko, dídì í, rírù ú wálé, gbígbé ẹkẹ, sísọ ìdì sókè fún ẹni tí ó wà lórí ilé, gbogbo rẹ̀ ní láti parí láàárín ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Nítorí náà ni a fi ń lo àáró, tí àwọn ẹgbẹ́ yóò ṣe ti ẹnì kan lónìí, ti ẹlòmíràn lọ́la. Tàbí kí onílé bẹ ọ̀wẹ̀, kí ó sì fi oúnjẹ àti ẹmu ṣe àwọn tí ó wá lálejò. Ọkùnrin tí ó ní àfẹ́sọ́nà mọ̀ pé ọ̀wẹ̀ àna kò ní ṣàì kan òun, ìbáà ṣe ti oko àna, ìbáà ṣe ti òrùlé ilé àna. Ẹni tí kò bá sì jẹ́ ìpè ẹlòmíràn mọ ohun tí ń dúró dè é nígbà tí ilé tirẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọmọ ìyá àti àna ni ó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìlú àti ìlú. Ọdún Bẹẹrẹ ní Ọ̀yọ́ ni ẹ̀rí èyí. Lọ́dọọdún, bí iṣẹ́ oko bá ti dẹwọ́, àwọn tí ó wà lábẹ́ Aláàfin a gbé bẹẹrẹ wá láti fi bo ààfin. Johnson sọ pé ọdún yìí ni a fi ń ka iye ọdún tí ọba lò lórí oyè. (Kí òǹkàwé má ṣe ṣì í mú fún ọdún Bẹbẹ, èyí tí ó jẹ́ ti ọba tí ó bá pẹ́ lórí ìtẹ́.) Ààfin tí ó gbòòrò tó èyí tí Clapperton rí kò lè ṣe aláìní koríko púpọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n koríko kọ́ ni kókó. Ọba tí ó lówó ẹrú àti ẹṣin kò ṣàìní ẹni tí yóò gé koríko fún un. Ìlú tí ó gbé bẹẹrẹ wá ń sọ pé òun wà lábẹ́ òrùlé náà. Ìlú tí kò gbé e wá, kì í ṣe pé ó ń ṣe ọ̀lẹ. Ó ń sọ pé òun ti jáde kúrò lábẹ́ rẹ̀ ni.

Àwọn òyìnbó tètè mọ èyí. Captain W. A. Ross, tí ó jẹ́ Rẹ́sídẹ́ǹtì Ọ̀yọ́ láti 1914 sí 1931, fẹ́ kí ọlá Aláàfin Ládìgbòlù tàn dé ibi tí agbára Ọ̀yọ́ kò dé mọ́ láti ìgbà ogun. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. A. Atanda ti tú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ The New Oyo Empire, tí ó jáde ní 1973, ọdún Bẹẹrẹ sì wà lára ohun tí a fi ń fi ìtẹríba hàn ní àkókò náà. Inú Ìbàdàn kò dùn sí wíwà lábẹ́ Ọ̀yọ́ bẹ́ẹ̀, ní 1934 ni a sì wá yọ Ìbàdàn kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó mú mi rẹ́rìn-ín nínú ìtàn yìí ni pé ní àkókò tí ìjọba àjèjì ń gbé ọlá bẹẹrẹ ga, ọkọ̀ ojú irin ìjọba kan náà ni ó ń kó páànù tí yóò sọ bẹẹrẹ di aláìníṣẹ́ wọ ilẹ̀ wa.

A kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ dídùn bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kẹ́dùn òrùlé koríko lónìí, kò bá a gbé nígbà ọyẹ́. Ní oṣù ọyẹ́, koríko orí ilé a ti gbẹ bí ẹ̀tù ìbọn. Ilé fara kan ilé, agbo ilé fara kan agbo ilé. Ìpẹ́pẹ́ iná kan láti inú ààrò ìyálé, tàbí láti ẹnu ìbọn tí àwọn ọdẹ ń yìn níbi òkú àgbà, ti tó láti jó àdúgbò kan tán kí a tó pọn omi dé. Nígbà ogun, iná ni ohun ìjà àkọ́kọ́ tí ọ̀tá tí ó bá ti fo odi wọlé ń lò. Ìbẹ̀rù yìí ni ó wà nínú ìtàn tí Johnson sọ nípa Ṣàngó, ẹni tí ó ń dán oògùn àrá wò tí àrá sì sọ̀ kalẹ̀ sórí ààfin tirẹ̀, tí aya àti ọmọ rẹ̀ fi ṣègbé sínú iná. Bí àrá bá sì sán pa ilé ẹnikẹ́ni ní ayé àtijọ́, kì í ṣe iná nìkan ni onílé yóò bá jà: àwọn adósù Ṣàngó yóò dé, wọn yóò kó ẹrù, wọn yóò sì gba owó ètùtù.

Àjà ni ó ń gba àwọn ènìyàn là. Bí koríko òkè bá ń jó, orí amọ̀ ni yóò wó sí, kì í wọ inú iyàrá tààrà. Onílé a jáde pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, bí iná bá sì kú, a lè bá aṣọ inú àpótí láìfarapa. Láìsí àjà, òwe ilé ọba tí ó jó kò ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí iná bá jó orí ilé rẹ̀ nígbà mẹ́ta láàárín ọdún mẹ́wàá, kò sí òwe tí yóò tù ú nínú mọ́. Nítorí náà, nígbà tí ohun tí iná kò lè jó dé, àwọn baba wa kò nílò ìwàásù kí wọ́n tó gbà á. Èrò àwọn kan pé a kàn ń sín òyìnbó jẹ nípa òrùlé kò tọ̀nà rárá.

Nítorí ibi ìkẹ́rù ọkọ̀ ojú omi ní Lọ́ńdọ̀nù ni a ṣe ṣe páànù. Ní 1829, Henry Robinson Palmer, onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ èbúté níbẹ̀, gba ìwé àṣẹ lórí irin pẹlẹbẹ tí a ṣẹ́ ní gegele àti kòtò. Ọgbọ́n rẹ̀ rọrùn: ìwé pẹlẹbẹ kò lè dá dúró, ṣùgbọ́n bí a bá ṣẹ́ ẹ po bí abẹ̀bẹ̀, yóò le. Irin tín-ín-rín tí a ṣe bẹ́ẹ̀ lè gbé ara rẹ̀ láti igi kan dé èkejì. Ìpẹtà ni ó kọ́kọ́ jẹ́ ìṣòro rẹ̀, ṣùgbọ́n ní 1837, Stanislas Sorel ní ilẹ̀ Faransé gba ìwé àṣẹ lórí bí a ṣe lè fi síǹkì bo irin. Síǹkì yìí kì í ṣe ọ̀dà lásán. Òun ni òjò àti afẹ́fẹ́ ń kọ́kọ́ jẹ, kí ó tó kan irin. Lẹ́yìn èyí, páànù di ọjà àgbáyé. Bí a bá to àwọn páànù léra, gegele èyí a wọ inú kòtò ìyẹn, wọn kì í sì gba àyè nínú ọkọ̀.

Èkó ni ó kọ́kọ́ gbà á níwọ̀n, nítorí pé Èkó ni èbúté, iná sì ti fojú rẹ̀ rí màbo. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, ìjọba ti ń fi òfin dí òrùlé koríko lọ́wọ́ ní àwọn apá kan nínú ìlú náà. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò lè kọ́lé. Àwọn tí ó mọ bí a ṣe ń fi pákó tí a là gbé òrùlé dúró ni àwọn Àgùdà tí ó padà ti ilẹ̀ Bràsíìlì dé, àti àwọn Sàró. Káfíńtà àti bíríkìlà ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ni ó sì gbé iṣẹ́ náà dé òkè. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní 1894 ṣì wà lónìí tí ń jẹ́rìí sí ọwọ́ wọn. Ilé Fernandez tí a mọ̀ sí Ilojo Bar, tí a gbà pé ó ti wà láti 1855, kò rí irú àánú bẹ́ẹ̀: ní 2016 ni a wó o lulẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ti kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti orílẹ̀-èdè.

Kí páànù tó dé òkè, ọ̀nà ní láti ṣí. Orí ènìyàn ni ẹrù ń gbà lọ, páànù sì wúwo. Ní 1896 ni a bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1900, Òṣogbo ní 1907, Jẹ́bà ní 1909. Lẹ́yìn náà ni owó kòkó dé. Àgbẹ̀ tí baba rẹ̀ kò ní ju koríko lọ bẹ̀rẹ̀ sí í ra páànù ní ìdì kọ̀ọ̀kan bí a bá ti ta kòkó, a sì kó o pamọ́ títí yóò fi pé iye tí ó fẹ́. Nígbà tí owó kòkó lọ sókè lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ilé onípáànù hù káàkiri bí olú. Àwọn tí ó bá gun òkè Màpó lónìí yóò rí i: òrùlé tí ó ti pọ́n dòdò fún ìpẹtà láti ẹsẹ̀ òkè kan dé òmíràn. J. P. Clark sọ àwọ̀ yìí di ewì kúkúrú tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kọ́ sórí, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí àjèjì rí bí ẹwà yìí, àmì pé síǹkì ti tán lórí irin ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí páànù ṣe sí ilé fúnra rẹ̀. Páànù kò nílò ìdagẹ̀rẹ̀ púpọ̀ kí ó tó lé omi dànù. Nítorí náà, ilé lè fẹ̀. Iyàrá tí a ti tò yí àgbàlá ká tẹ́lẹ̀ wá di èyí tí a tò ní ọ̀wọ́ méjì, tí ọ̀nà tóóró kan la àárín wọn kọjá, tí òrùlé kan ṣoṣo sì bo gbogbo wọn. Àgbàlá kúrò láàárín ilé, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Agbo ilé fọ́ sí ilé Lágbájá àti ilé Tàmẹ̀dò. Àwọn onímọ̀ máa ń di ìfọ́nká agbo ilé ru ẹ̀sìn titun, ilé-ìwé àti owó. N kò jiyàn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a fi òrùlé kún un. Níwọ̀n ìgbà tí ilé bá ń fẹ́ koríko titun lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọmọ ìyá kò lè jìnnà sí ọmọ ìyá rẹ̀ jù. Páànù tí a kàn lẹ́ẹ̀kan tí ó sì lè lo ogójì ọdún kò béèrè ẹnikẹ́ni. Káfíńtà ni a ń san owó fún. Ọjọ́ tí a bá kan ilé ṣì jẹ́ ọjọ́ ayọ̀, a ṣì ń se oúnjẹ, ṣùgbọ́n àwọn tí ó wá jẹun kò gun orí ilé mọ́.

Títí dé ibí, mo fara mọ́ ohun tí àwọn baba wa yàn. Iná mọ́wọ́ dúró. Ìyẹn ju gbogbo ohun tí a lè fi wé e lọ. Ibi tí n kò ti bá a lọ ni ọ̀rọ̀ àjà. Nígbà tí koríko lọ, ọ̀pọ̀ rò pé iṣẹ́ àjà ti tán, nítorí pé iná ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Wọ́n kan páànù sórí ògiri láìfi ohunkóhun sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n wá rí i ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn pé irin tí oòrùn ń pa ń yọ ooru sórí ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ bí ààrò, àti pé bí òjò bá ń rọ̀, ọkọ kò lè gbọ́ ohun tí aya rẹ̀ ń sọ. Koríko tí ó nípọn kì í jẹ́ kí ooru kọjá, àjà amọ̀ a sì gba ìyókù. Kì í ṣe páànù ni ó ṣẹ̀ wá. A fi orí kan rọ́pò orí méjì ni. Àwọn tí wọ́n lówó padà fi pákó pẹlẹbẹ ṣe àjà lẹ́yìn náà, púpọ̀ kò sì ṣe é títí di òní. Etí òrùlé pẹ̀lú kúrú. Àwọn tí ó fi páànù sórí ògiri amọ̀ gé etí rẹ̀ kù láti fi dín owó kù, òjò sì ń fọ́n lu ògiri tí koríko ti ń dáàbò bò tẹ́lẹ̀.

Ní àárín ọ̀rúndún tí ó kọjá ni asbestos dé gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn sí ìṣòro yìí. Sìmẹ́ǹtì tí a po mọ́ òwú òkúta ni. Kì í gbóná tó irin, kì í pariwo nígbà òjò, kì í dípẹtà, ilé olówó àti ilé ìjọba sì lò ó gan-an fún òrùlé àti àjà. Ó pẹ́ kí ayé tó gbà pé òwú òkúta náà, bí ènìyàn bá fà á símú, a máa fa àrùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de ìyókù rẹ̀ ní 1999. Ó ṣì wà lórí ọ̀pọ̀ ilé wa. Èyí tí ó bá wà láìfọ́ kò léwu tó èyí tí a ń fi ayùn rẹ́ tàbí tí a ń fi òòlù fọ́, eruku rẹ̀ ni apani. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ṣí i kúrò kí ó fi páànù tuntun rọ́pò rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí àwọn ọmọṣẹ́ máa jù ú sílẹ̀ láti òkè.

Aluminíọ́ọ̀mù alágùn ni ó gba ìgboro lónìí, kì í dípẹtà bí irin, a sì lè gé e gùn láti téńté òrùlé dé etí rẹ̀ láìsí oríkèé tí omi lè gbà wọlé. Ọjà kò ṣe é fojú lásán rà. Èyí tí ó fẹ́lẹ́ jẹ́ 0.45 mílímítà, èyí tí ó nípọn sí i jẹ́ 0.55, àwọn olówó a sì máa béèrè fún 0.7. Èyí tí ó fẹ́lẹ́ jù a máa tẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ káfíńtà, ìjì a sì tètè ṣí i. Lórí páànù onírin àtijọ́, nọ́ńbà ìnípọn rẹ̀ lòdì sí ohun tí ènìyàn rò: bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni irin ń fẹ́lẹ́ sí i, ọ̀pọ̀ onílé sì ti ra nọ́ńbà ńlá pẹ̀lú ayọ̀.

Ọgbọ́n kan wà tí àwọn káfíńtà àgbà mọ̀ tí ó yẹ kí a kọ sílẹ̀ kí ó tó parẹ́. Orí gegele páànù ni a ń kan ìṣó sí, kì í ṣe inú kòtò, nítorí pé inú kòtò ni omi ń gbà. Ìjì líle tí ń ṣí òrùlé nílẹ̀ wa, ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin òjò, láti ìlà-oòrùn ni ó sábà ń wá. Nítorí náà, láti ìwọ̀-oòrùn ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í to páànù, kí etí èyí tí ó wà lókè má baà kọ ojú sí afẹ́fẹ́. Kí a sì tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ni ó yẹ kí a ti mọ òrùlé tí a fẹ́, nítorí pé fífẹ̀ iyàrá, gíga ògiri, iye pákó àti jíjìnnà etí òrùlé sí ògiri, gbogbo rẹ̀ ni òrùlé ń pinnu. Àwọn tí ń fi bẹẹrẹ bo ilé mọ èyí kí wọ́n tó po amọ̀. Lónìí, ògiri a ti dé òkè kí onílé tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí wọ́n ń ta páànù, bí owó bá sì kù díẹ̀ káàtó, àjà ni a kọ́kọ́ ń yọ kúrò nínú ìṣirò.